Àmì Pupa Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Mọ́tò bàbá mi kì í ṣe mọ́tò fàájì. Torí ọsibítù ni wọ́n ṣe rà á. Àbúrò mi obìnrin ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, Ìgándò la sì ń gbé, níwájú ibi tí ọ̀dà títì ti tán. Láwọn ọdún tí mò ń wí yìí, epo wọ́n bí ojú káàkiri Èkó. Bí ìrora bá ki ọmọ mọ́lẹ̀, ẹ lè dúró lẹ́bàá ọ̀nà títí ẹsẹ̀ á fi wú, ẹ ò ní rí ọkọ̀ tó máa gbé yín. Ọsibítù tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sì jìnnà, ọ̀nà Ìkẹjà ló wà. Ẹ máa gba Ìdímù, ẹ máa gba Ẹ̀gbẹ́dá àti Akọwọ́njọ, kí ẹ tó já sí Dòpèmú, ẹ ò sì tíì débẹ̀. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo la fẹ́ lọ́wọ́ mọ́tò yẹn: kó ṣáà ti dé.

Ẹni tí kò bá rí àìsàn yìí rí, kó máa dúpẹ́. Ọmọ á máa ṣẹ̀fẹ̀ láàárọ̀, tó bá fi máa dọ̀sán, egungun á ti máa ro ó, á máa ké bí ẹni tí wọ́n ń fi òòlù lù láti inú. Màmá mi á máa fi aṣọ gbígbóná jó o lẹ́sẹ̀, wọ́n á máa pe orúkọ Jésù. Aláṣọ funfun ni wọ́n. Ọjọ́ tí mọ́tò náà wọlé, omi àdúrà ni wọ́n kọ́kọ́ fọ́n sí i lórí. Bàbá mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà paraku, kàn kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí màmá mi fi ṣe é tán. Wọn ò janpata. Ohunkóhun tó bá ṣáà ti máa mú mọ́tò náà rìn, wọ́n fara mọ́ ọn.

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mọ́tò náà kọ́kọ́ dójú tì wá. Ilé epo gbogbo ti pa, epo bíláàkì la rà sínú ẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi kẹ́ẹ̀gì tà lẹ́bàá títì. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé wọ́n ń da kẹrosíìnì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ ṣe? Bí a ṣe ń gun òkè Ìdímù, mo gbọ́ ìró kan nínú ẹ́ńjìnì, bí ìgbà tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo mílíìkì tí wọ́n wá ń mì í. Ká tó dé Ẹ̀gbẹ́dá, èéfín ti ń jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. A dúró, à ń dúró kí ẹ́ńjìnì tutù, àbúrò mi ń ké lẹ́sẹ̀ màmá mi. Àwọn èèyàn ń yọjú wo inú ọkọ̀, wọ́n ń ṣe “ẹ pẹ̀lẹ́ o”, wọ́n ń bá tiwọn lọ.

A padà dé ọsibítù, dókítà sì fara ya pé kí ló dé tí a fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo fèsì. Mo bi í léèrè bóyá ó fẹ́ ká gbé ọmọ pọ̀n sẹ́yìn láti Ìgándò, mo tún fi èyí tí kò yẹ kí n fi kún un kún un. Màmá mi ló fà mí sẹ́yìn. Bí mo ṣe rí nìyẹn, inú mi máa ń tètè ru, ó sì tún burú sí i nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà mí.

Mẹkáníìkì tó ń bá wa tọ́jú mọ́tò náà ní ọgbà lọ́nà Ìkọ̀tún. Ọ̀gá ni, ẹ má ṣì mí gbọ́, kì í ṣe ògbólógbòó onírẹ́jẹ. Ó sì ní àṣà kan tí gbogbo oníbàárà ẹ̀ mọ̀ ọ́n mọ́: mọ́tò kan kì í kúrò lọ́gbà ẹ̀ láìjẹ́ pé ó fi etí ara ẹ̀ gbọ́ ọ. Ìbáà ṣe bíréèkì lẹ wá ṣe, á ní kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ iná díẹ̀. Á tẹ etí sílẹ̀, á di ojú, á wá tú nọ́ọ̀tì disitribútọ̀, á máa fi ọwọ́ yí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ohùn ẹ́ńjìnì á fi dún bó ṣe fẹ́. Kì í gba nǹkan kan lórí ìyẹn. Ènì ni, bí ìgbà tí oníyẹ̀fun bá fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé e.

Ibi tó ń yí yẹn ló ń pinnu ìgbà tí iná púlọ́ọ̀gì máa ta sí epo nínú ẹ́ńjìnì. Bí iná bá tètè ta, ọkọ̀ á lágbára, ohùn ẹ̀ á dá ṣáṣá, inú awakọ̀ á dùn. Ṣùgbọ́n bí epo bá ní àdàlù, iná tó tètè ta yẹn kan náà ni á máa lu ẹ́ńjìnì pa láti inú. Ìró òkúta tí mo gbọ́ lórí òkè Ìdímù, òun gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá wá jẹ́ kí iná pẹ́ díẹ̀, ọkọ̀ á lẹ̀, ohùn ẹ̀ á wálẹ̀ bíi tẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Kò ní lè fi bẹ́ẹ̀ sáré, ṣùgbọ́n epo burúkú ò ní rí i pa kíákíá.

Mi ò mọ gbogbo èyí lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lèmi kọ́ ní pólì, mo sì ń kọ́ àwọn èèyàn ní títẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mo lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì, mo bi í ní ìbéèrè títí ó fi sú u, ó ní, “Aǹtí, ṣé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé. Etí ẹ̀ dáa, mi ò bá a du ìyẹn. Ṣùgbọ́n inú ọgbà ló ti ń gbọ́ mọ́tò, lórí ìdúró, láìsí ẹrù. Ta ló gbọ́ ọ lórí òkè, tòun ti epo bíláàkì, tòun ti èèyàn mẹ́rin tó jókòó sínú ẹ̀? Mo ní màá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá mi gbọ́ ọ.

Ọjọ́ ìsinmi la máa ń ṣe é, tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Bàbá mi á wakọ̀. Èmi á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú bébà. Àbúrò mi á jókòó síwájú, ibẹ̀ ló fẹ́ràn, òun ló sì ń ka abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó. Ọmọ náà mú iṣẹ́ yẹn lọ́kùn-únkúndùn, àfi bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. A máa gun òkè náà, á máa ké sí mi pé, “Aǹtí mi, abẹ́rẹ́ wà láàárín! Aǹtí mi, abẹ́rẹ́ ti kọjá àárín o!” Èmi á kọ ọ́ sílẹ̀, àti bó ṣe pẹ́ tó ká tó dé orí òkè, àti irú epo tó wà nínú táǹkì. Lẹ́yìn náà, a máa dúró, màá sọ̀kalẹ̀, màá yí disitribútọ̀ díẹ̀, a máa tún un gun.

Kí n má baà ṣi ibi tí mo bá yí i dé, mo nílò àmì tí epo àti ooru ò ní pa rẹ́. Kútẹ́ẹ̀sì pupa àbúrò mi ni mo fi ṣe é. Ó bínú.

“Kútẹ́ẹ̀sì mi! Ẹ ò rí ọ̀dà mìíràn ni?”

“Ṣebí torí tìẹ la ṣe ń ṣe é. Ahun.”

“Torí tèmi, ẹ wá ń kun mọ́tò ní èékánná. Ó dáa, ẹ kun tèmi náà.” Ó na ọwọ́ sí mi, mo bá kùn ún fún un níbẹ̀ lẹ́bàá títì, bàbá mi ń fọn fèrè mọ́tò pé ṣé wèrè ń ṣe wá ni.

Ọ̀sán tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ jẹun ni mo máa ń kọ púrógíráàmù náà. Kò gùn, kò sì lẹ́wà. Ó kàn ń kó gbogbo ohun tí a kọ sílẹ̀ lójú òkè jọ, ó ń ya epo ilé epo sọ́tọ̀, ó ń ya epo bíláàkì sọ́tọ̀, ó wá ń wá ibi tí ọkọ̀ ti lè gun òkè láìjẹ́ pé abẹ́rẹ́ gbéra. Bí iná mànàmáná bá lọ kí n tó tọ́jú ẹ̀ sínú dísíìkì, gbogbo ẹ̀ á pòórá. Màá gbá tábìlì, màá ṣépè, àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù á máa wò mí. Kí wọ́n máa wò. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí mò ń bá sáré.

Ìdáhùn tó jáde nígbẹ̀yìn, méjì ni. Fún epo tó dáa, kí iná tètè ta, bí ọ̀gá mẹkáníìkì ṣe máa ń ṣe é. Etí ẹ̀ ò parọ́. Fún epo bíláàkì, kí iná pẹ́, ó pẹ́ ju bí ẹnikẹ́ni nínú wa ṣe rò lọ. Bẹ́ẹ̀ a ò lè mọ epo tó máa wà nínú táǹkì lọ́jọ́ tí ìrora bá dé. Mo bá mú ti epo burúkú. Lọ́jọ́ tí epo bá dáa, a máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, lọ́jọ́ tí kò bá dáa, a máa dé. Mo yí i síbẹ̀, mo dè é pinpin, mo fi kútẹ́ẹ̀sì fa ìlà pupa kan sára disitribútọ̀, òmíràn sára ẹ́ńjìnì, àwọn méjèèjì kojú ara wọn gẹ́lẹ́.

Ó ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń sọ ọ́, ó ṣiṣẹ́! Ìrora dé nígbà ọyẹ́, epo bíláàkì ló wà nínú ẹ̀, a gun òkè Ìdímù bí ìyá arúgbó tó ń lọ sọ́jà, ọkọ̀ kan ò sí tí kò yà wá sílẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ò mì. A dé. Ó tún dé lẹ́ẹ̀kejì nígbà òjò, a tún dé. Mo yọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rò pé mo ti rí nǹkan fi ti ikú sẹ́yìn.

Bàbá mi ò fẹ́ràn bí ọkọ̀ náà ṣe lẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, “Alàgbà, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń ti mọ́tò ni, àbí mọ́tò ló ń tì yín?” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń dùn wọ́n. Wọ́n tún ń bẹ̀rù. Lójú tiwọn, ọkọ̀ tó bá ń gbé aláìsàn, ó yẹ kó máa fò. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi bó mi. Mo ní, “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.” Wọ́n ní, “Mo ti gbọ́, jàre.”

Fáànù bẹ́líìtì já lọ́sẹ̀ kan, bàbá mi gbé mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì. Èmi wà níbi iṣẹ́.

Nígbà tí ìrora tún dé, ọ̀sán ni, oòrùn mú ganrínganrín. Epo kẹ́ẹ̀gì ló wà nínú táǹkì. Àyà ló ti mú àbúrò mi lọ́tẹ̀ yìí, kò lè mí kanlẹ̀. A gbé e sí ìjókòó iwájú, ó ní ibẹ̀ náà lòun fẹ́, a tẹ ìjókòó náà sẹ́yìn díẹ̀ fún un. Èmi àti màmá mi wà lẹ́yìn. Bàbá mi ṣíná, ọkọ̀ fò jáde ládùúgbò bíi tuntun. Háà, mo gbọ́ ohùn yẹn. Mo sọ fún ara mi pé ó ní láti jẹ́ pé bàbá mi ló ń tẹ iná jù.

Orí òkè Ìdímù ni òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú agolo.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó la ojú, ó ń wo iwájú. Ó ní, “Aǹtí mi, ẹ gbọ́?”

Mo ní kó má sọ̀rọ̀, kó máa mí.

Ó ní, “Abẹ́rẹ́ ti kọjá àárín.”

Màmá mi ń gbàdúrà. Bàbá mi ń tẹ iná. Mo ní, “Bàbá mi, ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi.” Wọ́n ní, “Mi ò lè rọra, ṣé o ò rí ọmọ ni!” Mo rí ọmọ. Mo rí ọwọ́ ẹ̀ lórí itan ẹ̀, kútẹ́ẹ̀sì ti ń ṣí kúrò lára èékánná ẹ̀. Ó tún sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ò ju ti ẹyẹ lọ. Ó ní, “Aǹtí mi, ó ti dé pupa.”

Ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. A kọjá Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ́ńjìnì han gooro lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Ó ti nọ́ọ̀kì. Bàbá mi ń yí kọ́kọ́rọ́, kò dáhùn, wọ́n tún ń yí i. Mo bọ́ sójú títì, mo na ọwọ́ méjèèjì, mò ń pariwo lé àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá, mò ń bú ìyá wọn. Ọkọ̀ akóyanrìn kan ló dúró nígbẹ̀yìn. A gbé àbúrò mi gorí ẹsẹ̀ màmá mi níwájú ọkọ̀ náà, èmi àti bàbá mi gun orí yanrìn. Nígbà tí a fi máa dé ọsibítù, màmá mi ò gbàdúrà mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀.

Òkú ọ̀fọ̀ ni. Àwọn òbí ò gbọ́dọ̀ dé ibi sàréè ọmọ, wọn ò sì jẹ́ kí èmi náà lọ. Àwọn ẹbí lọ sin ín, wọ́n dé, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n jókòó. Ohun tí mo mọ̀ nípa ìsìnkú àbúrò mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń bí mi nínú títí dòní.

Wọ́n wọ́ mọ́tò náà wálé. Nígbà tí ilé kún fún èrò tó wá kí wa, mo jáde lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìlà pupa méjèèjì ò kojú ara wọn mọ́. Ọ̀kan ti lọ síwájú, ó tó ìbú àtàǹpàkò. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wò ó.

Bí mo ṣe pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ni ọ̀gá mẹkáníìkì wọ géètì. Ó ti sunkún wá, ojú ẹ̀ pọ́n. “Aǹtí, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́.” Ó wo mọ́tò náà, ó mirí. “Kò yé mi o, Aǹtí. Mo gbọ́ mọ́tò yìí nígbà tí mo pààrọ̀ bẹ́líìtì, ó ń sùn. Alàgbà náà ní ó ti lẹ̀ jù fún ọmọ tára ẹ̀ ò yá, pé kí n bá àwọn wò ó. Mo bá wọn yí i, mo fún un níná dáadáa. Ìyẹn ni ò ṣe yé mi.”

Ìyẹn ni pé bàbá mi ló ní kó bá àwọn wò ó. Mo wo sípánà tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó ṣe mí bíi kí n gbé e, kí n là á mọ́ ọkùnrin náà lórí. Ẹ wá rí i bó ṣe dúró, ó ti bọ́ bàtà ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, omi ń dà lójú ẹ̀. Ènì ló ṣe fún wa.

Ó wọ pálọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi. Ó bẹ̀rẹ̀, “Alàgbà, ẹ kú ìrọ́jú. Mọ́tò tí ẹ ní kí n…”

“Epo ni!” Mo pariwo débi pé gbogbo èrò yíjú sí mi. “Epo ni, ọ̀gá. Kẹrosíìnì ló pọ̀ nínú ẹ̀. Epo ló ba ẹ́ńjìnì jẹ́.”

Ẹnìkan wá ní àwọn tó ń ta epo yẹn, Ọlọ́run á dá wọn lẹ́jọ́. Òmíràn ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ń ṣépè fún elépo bíláàkì, wọ́n ń ṣépè fún ìjọba. Ọ̀gá mẹkáníìkì náà mirí, ó ní, “Epo ni ṣá. Ó ní láti jẹ́ epo.” Ó jọ pé ara tù ú. Bàbá mi ò ṣépè fún ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n bi mí pé, “Kọ̀ǹpútà ẹ ńkọ́? Kí ló wí?”

Mo ní, “Epo ló wí, bàbá mi.”

Mo bá lọ mú ìgò omi tí àbúrò mi fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́, mo rin aṣọ sínú ẹ̀, mo lọ nu ìlà méjèèjì kúrò. Ó pẹ́ kó tó lọ, ó ti gan mọ́ irin. Màmá mi wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń fọ aṣọ àbúrò mi. Lẹ́yìn náà, àwọn onírin wá kó mọ́tò náà lọ. Mi ò kọ púrógíráàmù kankan fún ara mi mọ́, mo kàn ń kọ́ àwọn èèyàn ní títẹ̀.

Epo ṣì tún wọ́n lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ní ọ̀kan nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀, bàbá mi ti ń ṣàárẹ̀ nígbà náà, èmi ni mò ń fún wọn ní oògùn wọn, wọ́n ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń ta epo kẹ́ẹ̀gì níta. Wọ́n ní kí n ti fèrèsé. Mo tì í. Wọ́n wá ní, “Ìlà pupa yẹn, mo ti rí i pé ó ti yẹ̀ kí o tó nù ún. Alẹ́ tí wọ́n wọ́ ọ wálé ni mo ṣí i wò.”

Ṣíbí oògùn wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Epo ni, bàbá mi.”

Wọ́n kọjú sí ògiri. Wọ́n ní, “Ó dáa. Epo ni.”